Dẹ́ẹ̀kì Blue-Eyes kan nílé-Ifẹ̀ tí káàdì adènà fẹ́ẹ̀ pa: ohun tó fà á àti bí a ṣe tún un tò

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé ní Àṣẹ́rifá, nílé-Ifẹ̀, ló ni dẹ́ẹ̀kì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Dẹ́ẹ̀kì Blue-Eyes ni, ìyẹn àkójọ káàdì 40 géérégé tó dá lé dírágónì Blue-Eyes, nínú eré káàdì Yu-Gi-Oh!. Ọmọ náà mọ òfin eré yìí, ó mọ iṣẹ́ káàdì kọ̀ọ̀kan, kì í sì í kánjú. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ máa ń brick ṣáá, ìyẹn ni pé káàdì tó fà kì í ṣeé lò: yóò fa káàdì márùn-ún, yóò wò wọ́n títí, yóò dojú ẹyọ kan dé sílẹ̀, yóò ní ó ti parí fún òun. Ó gbà pé àìríire ni. Nígbà tí a tẹ́ gbogbo káàdì náà sórí ẹní, ohun tí a rí yàtọ̀ sí èyí. Mẹ́rìnlá nínú 40 ló jẹ́ adènà tó ń yan ọ̀tá, ìyẹn káàdì tí kò níṣẹ́ kankan àfi tí ẹni tí ẹ jọ ń ta bá gbé irú nǹkan kan pàtó wá.

Bí dẹ́ẹ̀kì náà ṣe rí kí a tó fọwọ́ kàn án nìyí.

Mọ́ńsítà 12: Blue-Eyes White Dragon 3, Blue-Eyes Alternative White Dragon 2, Sage with Eyes of Blue 2, The White Stone of Ancients 2, Maiden with Eyes of Blue 1, Dragon Spirit of White 1, Effect Veiler 1.

Spell (káàdì idán) tó ń gbé dẹ́ẹ̀kì rìn, 14: The Melody of Awakening Dragon 2, Trade-In 3, Cards of Consonance 2, Dragon Shrine 1, Return of the Dragon Lords 2, Silver's Cry 2, Monster Reborn 1, Burst Stream of Destruction 1.

Adènà 14: System Down 2, Last Day of Witch 2, Warrior Elimination 2, Shadow-Imprisoning Mirror 2, Seven Tools of the Bandit 2, Trap Hole 2, Mystical Space Typhoon 2.

Kò sí káàdì burúkú nínú wọn. System Down ń gba ẹ̀mí (Life Points) 1000 lọ́wọ́ ẹni tó lò ó, ó sì ń kó gbogbo Machine (ẹ̀yà mọ́ńsítà tó jẹ́ ẹ̀rọ) tí ọ̀tá ní lórí pápá àti nínú ibojì (ibi tí káàdì tó ti kú tàbí tó ti lò tán ń lọ) kúrò nínú eré pátápátá. Lójú ẹni tí Cyber Dragon, dẹ́ẹ̀kì Machine, ti nà, oògùn gidi ni. Ibi tí wàhálà ti wá ni bí wọ́n ṣe wọ inú dẹ́ẹ̀kì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni márùn-ún ni ọmọ yìí sábà máa ń bá ta: ọ̀kan ń lo Cyber Dragon, ọ̀kan Dark Magician, ọ̀kan Elemental HERO, ọ̀kan Traptrix, ọ̀kan Salamangreat. Ìgbàkigbà tí ọ̀kan nínú wọn bá nà án, yóò wá káàdì tó ń pa irú dẹ́ẹ̀kì yẹn, yóò fi méjì sí i. Cyber Dragon bí System Down. Dark Magician, tó jẹ́ ẹ̀yà Spellcaster (oṣó), bí Last Day of Witch àti Shadow-Imprisoning Mirror. HERO, tó jẹ́ ẹ̀yà Warrior (jagunjagun), bí Warrior Elimination. Traptrix, tó ń lo Trap (káàdì pańpẹ́), bí Seven Tools àti Mystical Space Typhoon, tí a ó máa pè ní MST láti ibí lọ. Trap Hole wá fún gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n dẹ́ẹ̀kì kì í fẹ̀ sí i. Ó fẹ́ kí ó dúró sí 40, èyí tó kéré jù tí òfin gbà, ó sì ṣe dáadáa lórí ìyẹn, torí bí dẹ́ẹ̀kì bá ṣe kéré tó ni káàdì pàtàkì ṣe máa ń tètè jáde. Nítorí náà, gbogbo adènà tó wọlé ló lé nǹkan kan jáde. Melody kẹta jáde, Sage kẹta jáde, Dragon Shrine kejì jáde, Alternative kẹta àti White Stone kẹta tẹ̀ lé wọn. Ibí gan-an ni àìsàn náà wà. Ó ń bọ́ àwọn adènà, ó sì ń pa ẹ́ńjìnnì, ìyẹn àwọn káàdì tó ń gbé dẹ́ẹ̀kì rìn, lébi. Àwọn tó ń ta sábà máa ń ka iye adènà tí wọ́n fi kún un, wọn kì í ka ohun tí wọ́n yọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó bá ní káàdì 14 irú kan nínú 40, tó sì fa márùn-ún, méjì ó kéré tán nínú irú yẹn ni yóò bá lọ́wọ́ ní bíi ìjà 58 nínú 100. Mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò wà níbẹ̀ ní bíi ìjà 22 nínú 100. Èyí túmọ̀ sí pé, ju ìdajì àwọn ìjà rẹ̀ lọ, káàdì mẹ́ta tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ níti gidi, nígbà tí ẹni tó kọjú sí i ń fi márùn-ún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún mú System Down nìkan. Méjì nínú 40: yóò wà nínú ọwọ́ àkọ́kọ́ ní bíi ìjà 24 nínú 100. Tó bá jẹ́ pé àwọn márààrún ló ń bá ta lọ́gbọọgba, ẹyọ kan nínú márùn-ún ni Machine. Nínú 24 yẹn, bíi 5 péré ni System Down fi máa bá ẹni tó ń wá pàdé. Ní 19 yòókù, ìwé lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Last Day of Witch àti Warrior Elimination kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kejì tí àwọn adènà ń gbà ṣe é níkà kò hàn tó èyí. Nínú dẹ́ẹ̀kì Blue-Eyes, káàdì mẹ́ta ló lè fúnra wọn dá iná eré: Melody, Sage àti Dragon Shrine. Márùn-ún ló kù fún un nínú wọn. Pẹ̀lú márùn-ún, yóò rí ó kéré tán ẹyọ kan ní bíi ìjà 51 nínú 100. Bí ó bá dá àwọn tó yọ padà, tí wọ́n di mẹ́jọ, ó di 69. Ká ní adènà wọ̀nyẹn kò tilẹ̀ brick rí, àyè tí wọ́n gbà nìkan ti mú ìbẹ̀rẹ̀ tó dáa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní bíi ìjà 18 nínú 100.

Ọwọ́ kan báyìí tó fa níwájú Salamangreat fi gbogbo rẹ̀ hàn. Òun ló kọ́kọ́ ta. Ó rí Blue-Eyes White Dragon, Return of the Dragon Lords, System Down, Last Day of Witch àti Trap Hole. Blue-Eyes jẹ́ Level 8, mọ́ńsítà méjì lèèyàn gbọ́dọ̀ fi rúbọ kó tó lè gbé e sílẹ̀, kò sì ní ẹyọ kan. Return ń jí Dragon Level 7 tàbí 8 láti inú ibojì, ibojì rẹ̀ sì ṣófo. Salamangreat kì í ṣe Machine, kì í ṣe Spellcaster, Cyberse ni. Ó dojú Trap Hole dé, ó dákẹ́.

Alátakò rẹ̀ gbé Lady Debug sílẹ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ 1700. Iṣẹ́ Lady Debug ni kó mú Cyberse Level 3 tàbí tó kéré sí i láti inú dẹ́ẹ̀kì wá sọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀. Ọmọ wa ṣí Trap Hole lé e lórí, ó pa á, inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò dẹ́kun iṣẹ́ torí pé wọ́n pa á: Trap Hole ń pa ni, kì í fagi lé nǹkan. Lady Debug lọ sí ibojì, Salamangreat Gazelle sì wọ ọwọ́ alátakò gẹ́gẹ́ bí ìlérí. Cynet Mining, Spell kan, tẹ̀ lé e, ó ju Salamangreat kan sí ibojì láti fi san owó rẹ̀, Gazelle sì fò jáde láti ọwọ́ torí ohun tó ń dúró dè ti ṣẹlẹ̀. Trap Hole tún ti lò tán, Gazelle ì bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà: mọ́ńsítà tí wọ́n bá gbé sílẹ̀ lọ́nà Normal Summon (gbígbé sílẹ̀ láti ọwọ́ lọ́nà tó wọ́pọ̀) tàbí Flip Summon (ṣíṣí èyí tí a dojú rẹ̀ dé) nìkan ló ń mú. Ìjà náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ wá fi Dragon Shrine rọ́pò Last Day of Witch nínú ọwọ́ kan náà, kí ẹ má fọwọ́ kan mẹ́rin tó kù. Dragon Shrine rán Blue-Eyes kan láti inú dẹ́ẹ̀kì lọ sí ibojì. Nítorí pé Normal Monster (mọ́ńsítà tí kò ní iṣẹ́ pàtó) ni, ó tún gbà kí White Stone bá a lọ. Return jí Blue-Eyes yẹn dìde. Nígbà tó di End Phase (ìparí ìgbà títa), White Stone tó lọ sí ibojì nígbà títa yẹn pe Blue-Eyes kẹta láti inú dẹ́ẹ̀kì. Dírágónì méjì, 3000 àti 3000, nígbà títa àkọ́kọ́, Trap Hole ṣì wà nílẹ̀. Káàdì kan péré ló yí padà.

Ọmọ náà kọ́kọ́ jà fún àwọn adènà rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ní ìtumọ̀ díẹ̀: Melody ní kéèyàn ju káàdì kan nù kó tó mú dírágónì méjì wá, adènà tí kò wúlò sì ṣeé jù nù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Melody gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lọ́wọ́, méjì péré sì ló kù fún un torí adènà ti lé ẹ̀kẹta lọ. Trade-In kì í gba nǹkan míì ju Level 8 lọ. Cards of Consonance kì í gbà ju Dragon tó jẹ́ Tuner (irú mọ́ńsítà kan), tí agbára rẹ̀ kò ju 1000 lọ, ìyẹn White Stone nìkan nínú dẹ́ẹ̀kì yìí. Tí ohun tí èèyàn fẹ́ jù nù bá pọ̀ ju ẹnu tí yóò jẹ ẹ́ lọ, ẹrù lásán ni.

Ó tún béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá yọ System Down, kí ni mo fẹ́ fi gba ara mi lọ́wọ́ Cyber Dragon?"

Ẹni tó dàgbà jù nínú wa dá a lóhùn pé, "Ìgbà tí Cyber Dragon ń nà ẹ́ yìí, ṣé System Down máa ń wà lọ́wọ́ ẹ ni?" Ó ronú, ó ní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà náà ni a wá gbé káàdì kọ̀ọ̀kan yẹ̀wò. Ìbéèrè méjì la bi wọ́n. Nínú àwọn márùn-ún tó ń bá ta, mélòó ni káàdì yìí máa níṣẹ́ níwájú wọn? Ẹ̀ẹ̀kejì, tó bá jẹ́ alátakò ló kọ́kọ́ ta, ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́ kó tó pẹ́ jù? Ìbéèrè kejì yìí pa Trap púpọ̀, torí Trap gbọ́dọ̀ sùn sílẹ̀ kí ìgbà títa tó yí padà kó tó lè jí. Ẹni tó ta ṣìkejì, tó dojú Shadow-Imprisoning Mirror dé lẹ́yìn tí ọ̀tá ti kọ́lé tán, ti pẹ́.

Last Day of Witch ló yà wá lẹ́nu jù. Ó fi í sí i nítorí Dark Magician, ó sì ń pa gbogbo Spellcaster tó ṣí ojú lórí pápá. Gbogbo wọn, tiẹ̀ náà wà níbẹ̀: Sage àti Maiden, Spellcaster ni wọ́n. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tó ń lo Dark Magician sábà máa ń ní Eternal Soul nílẹ̀, Trap tó ń gbé pápá tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ káàdì ọ̀tá ran Dark Magician. Last Day of Witch yóò kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò rí i. Bẹ́ẹ̀ Eternal Soul ní àìlera ńlá kan: bó bá kúrò lórí pápá, gbogbo mọ́ńsítà ẹni tó ni ín ló ń kú. MST, tó ń pa Spell tàbí Trap kan ṣoṣo, ló ń ṣe iṣẹ́ tí ọmọ yìí rò pé Last Day of Witch ń ṣe. Dragon Spirit of White náà ń ṣe é: bó bá ti wọ pápá, ó lè mú Spell tàbí Trap ọ̀tá kan kúrò nínú eré, White Stone sì lè pè é láti inú dẹ́ẹ̀kì.

Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Adènà tó dára jù ni èyí tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì. Dragon Spirit jẹ́ dírágónì Level 8, nítorí náà Trade-In ń jẹ ẹ́, Return ń jí i, ó ń ja ìjà pẹ̀lú agbára 2500. Alternative ń pa mọ́ńsítà ọ̀tá kan nígbà títa kọ̀ọ̀kan, bó bá gbà láti má kọlù nígbà yẹn. Kò sí èyí tó ń jókòó de ẹnikẹ́ni nínú wọn.

A yọ méjìlá. MST méjèèjì dúró, torí Dark Magician àti Traptrix kì í ta láìsí Spell tàbí Trap nílẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù náà sì ń lò wọ́n. Mẹ́fà nínú àyè tó ṣí lọ fún ẹ́ńjìnnì: Alternative di 3, White Stone 3, Melody 3, Sage 3, Dragon Shrine 2, Dragon Spirit 2. Effect Veiler kò kúrò ní 1, torí Sage ń mú Tuner LIGHT Level 1 wá láti inú dẹ́ẹ̀kì, Veiler sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn. Ẹni tó bá ní Sage mẹ́ta, bí ẹni ní Veiler mẹ́rin ni nígbà tó bá fẹ́ ẹ.

Mẹ́fà tó kù lọ fún adènà tí kì í yan ẹni: Ash Blossom & Joyous Spring 3, Infinite Impermanence 3. Ash máa ń jáde láti ọwọ́ láti fagi lé iṣẹ́ tó bá fẹ́ mú káàdì láti inú dẹ́ẹ̀kì wá sọ́wọ́, tàbí tó fẹ́ pe mọ́ńsítà láti inú dẹ́ẹ̀kì, tàbí tó fẹ́ rán káàdì láti inú dẹ́ẹ̀kì lọ sí ibojì. Nínú àwọn márùn-ún náà, kò sí ẹni tí kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí. Lady Debug tí Trap Hole pa lásán yẹn, Ash ì bá dá a dúró, Gazelle kì bá wọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Impermanence, tó ń fagi lé iṣẹ́ mọ́ńsítà ọ̀tá kan, jẹ́ Trap, ṣùgbọ́n bí èèyàn kò bá ní káàdì kankan lórí pápá, ó lè lò ó láti ọwọ́, nítorí náà kò bẹ̀rù pé kéèyàn ta ṣìkejì.

Pẹ̀lú èyí, adènà tó ń yan ọ̀tá ku MST méjì nínú 40. Kí méjèèjì wọ ọwọ́ àkọ́kọ́ pọ̀, ìjà kan nínú 100 ni.

Ohun kan wà tí dẹ́ẹ̀kì nìkan kò lè tún ṣe. Ìjà ẹyọ kan ni wọ́n máa ń ta níbẹ̀: ẹni tó bá pàdánù dìde, ẹlòmíì jókòó. Níbi tí kò bá sí ìjà kejì, side deck kò níṣẹ́, òun sì ni ilé adènà tó ń yan ọ̀tá. Òfin gba káàdì tó tó 15 níbẹ̀, a sì ń pààrọ̀ láàárín ìjà kìíní sí ìkejì, ìkejì sí ìkẹta. Nítorí pé wọn kò ní èyí, ọmọ yìí kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú dẹ́ẹ̀kì gangan. A rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ta mẹ́ta, kí ẹni tó bá gba méjì borí, ó kéré tán lọ́jọ́ tí ènìyàn kò bá pọ̀. Wọ́n gbà.

Side deck rẹ̀ di 10: System Down 2, Shadow-Imprisoning Mirror 2, Seven Tools 2, Twin Twisters (Spell tó ń pa Spell tàbí Trap tó tó méjì) 2, MST 1, Effect Veiler 1. Last Day of Witch, Warrior Elimination àti Trap Hole kò sí níbì kankan mọ́. A ní kó kọ ohun tí yóò yọ sílẹ̀ kí ó tó jókòó, torí iye tó wọlé àti iye tó jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba, ìgbà tí ara ti gbóná sì kọ́ lèèyàn ń ronú rẹ̀. Níwájú Cyber Dragon: System Down méjì wọlé, MST méjì jáde. Níwájú Traptrix: Twin Twisters méjì, Seven Tools méjì àti MST kẹta wọlé, Ash mẹ́ta, Veiler àti Burst Stream jáde. Kó tó bá ẹlòmíì ta, kó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Èyí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé jù.

Káàdì títẹ̀ ni wọ́n ń lò, bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí káàdì gidi wọ́n fún. Káàdì Yu-Gi-Oh! jẹ́ mìlímítà 59 sí 86, mẹ́sàn-án ló ń wọ ìwé A4 kan, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Tuntun tó nílò jẹ́ 16: méjìlá ti dẹ́ẹ̀kì, Twin Twisters méjì, MST kan, Veiler kan. Ìwé méjì tó o, àyè méjì sì ṣẹ́ kù. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní business centre pé kó tẹ̀ ẹ́ ní 100%, kó má jẹ́ kí ẹ̀rọ fún un mọ́ ìwé, nítorí ìyẹn ló ń jẹ́ kí káàdì kéré ju àpò rẹ̀ lọ. Bí ìwé bá fẹ́lẹ́, ẹ fi káàdì àtijọ́ tì í lẹ́yìn nínú àpò, kí gbogbo 40 lè nípọn bákan náà. Bí tuntun bá fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọwọ́ á máa mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá ń po dẹ́ẹ̀kì. Káàdì títẹ̀ kò ṣeé gbé lọ sí ìdíje tí Konami, iléeṣẹ́ tó ni eré yìí, fọwọ́ sí.

Dẹ́ẹ̀kì náà ti ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n kò di aláìlẹ́gbẹ́. Power Bond, Spell tó ń da Machine pọ̀ di mọ́ńsítà ńlá tó sì ń sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ṣì jẹ́ ewu fún un ní ìjà àkọ́kọ́. Bí ẹni tó ń lo Cyber Dragon bá fi ṣe Cyber End Dragon, agbára 4000 yẹn á di 8000, Ash kò lè dá irú àdàpọ̀ tó wá láti ọwọ́ dúró, Impermanence kò sì lè dín agbára tí Power Bond fún un kù. Ohun tó lè ṣe ni pé kó ní dírágónì tó dúró ní attack (ipò ìkọlù) nílẹ̀: Cyber End á pa Blue-Eyes kan, á gba 5000 nínú ẹ̀mí 8000, tí kò bá sì sí ẹlòmíì tó kọlù, yóò kù ní 3000, alátakò á sì fúnra rẹ̀ san 4000 ní End Phase nítorí Power Bond. Kó má fi dírágónì náà sí defense (ipò ìdáàbòbò), torí Cyber End ń gún un kọjá: DEF (agbára ìdáàbòbò) Blue-Eyes jẹ́ 2500, 5500 ni yóò sì wọlé dípò 5000. Ó ti béèrè bóyá kí òun dá System Down kan padà sínú dẹ́ẹ̀kì nítorí èyí. A ní kó dúró ná, kó kọ orúkọ dẹ́ẹ̀kì tó bá ta àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí Machine bá di méjì nínú márùn-ún, ká tún sọ̀rọ̀, Burst Stream sì ni a ó kọ́kọ́ yọ.